Èjìká Bàbá Mi Tó Ṣófo

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń jí mi ní Dagenham, ní ìlú London, nínú ilé kékeré tí mo ti ń gbọ́ ohùn ẹyẹ kí n tó gbọ́ ti ọkọ̀. Mo dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń gbé mi padà. Mo dúpẹ́ jù lọ lórí àbúrò mi ọkùnrin, tó wà lómìnira ara rẹ̀, tó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, nítorí díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi rán an lọ sẹ́wọ̀n.

Ọdẹ ni bàbá wa, ní abúlé kan ní Èkìtì, ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ aláàdúrà. Bó bá ti inú igbó bọ̀ tààrà ní ọjọ́ Ìsinmi, á fi ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ ti igi ọsàn níta ṣọ́ọ̀ṣì, á bọ́ bàtà, á sì wọlé. Okùn awọ ìgalà ló fi ń gbé ìbọn náà kọ́ èjìká. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní ìlú kejì, ó tú okùn yẹn, ó fi di àpótí ìwé mi, ó gbé e kọ́ èjìká, a sì jọ rìn nínú ìrì títí oòrùn fi yọ. Nígbà tí a dé orí òkè kan, ó ní kí n wo ìsàlẹ̀. Ìkùukùu ti bo gbogbo igi, orí ọ̀pẹ nìkan ló yọ síta, bí orí àwọn tó ń wẹ̀ lódò. Mo ṣì ń rí i bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí bàbá wa kú, a sin ín, a pín ohun tó fi sílẹ̀. Nínú ilé tiwa, àkọ́bí ọkùnrin ló ń gba ìbọn. Èmi ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni mo wà, ìbọn náà sì wà lórí àjà. N kò ronú kàn án, àfi ìgbà tí mo lá àlá.

Mo ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, mo tún fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Mo rí bàbá mi tó ń rìn bọ̀ lórí koríko Becontree Heath nítòsí ilé mi, nínú ìkùukùu, lẹ́bàá ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ṣófo. Ó ń fi ọwọ́ òsì ra èjìká náà díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì dé, kò wọ̀ ọ́. Mo jí.

Ní ìjọ wa, a kì í fi ojú kékeré wo àlá. Ó yẹ kí n gbé e lọ bá àwọn àgbà, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ní ìbọn rẹ̀ ló ń wá, ọwọ́ mi ló sì yẹ kó wà. Mo pe àbúrò mi, tó jẹ́ olùkọ́ nílé, mo ní kó gbé ìbọn bàbá wá sí Èkó, kí ẹnì kan bá wa fi í sínú ẹrù tó ń bọ̀ ní London. Ó bi mí bóyá òfin gbà á. Mo ní ìbọn àtijọ́ ni, kò yìn mọ́, ògiri ni mo fẹ́ fi í kọ́ sí. Nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n, ó gbà.

Ọjọ́ Sátidé ló gbéra. Lọ́jọ́ náà, àwa mélòó kan ń gbá gbọ̀ngàn ìjọ wa nítòsí Mayesbrook. Bàbá àgbà kan wà láàárín wa, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe aṣọ́bodè nílé, tó wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù kan ní Dagenham báyìí. Inú mi dùn, mo sọ fún un pé ìbọn bàbá mi ti wà lọ́nà.

Ó ní, “Ọmọ ọdẹ, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ inú páàkì lo fẹ́ máa yìn ín fún ni?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé àṣẹ ìbọn náà. Mo ní ti bàbá mi. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ògiri.

“Ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń jogún. Ẹni tó kú ti mú tirẹ̀ lọ. Láti Èkìtì dé Èkó, ààlà ìpínlẹ̀ mẹ́rin ni àbúrò rẹ máa kọjá. Ọlọ́pàá tó bá tú àpò rẹ̀ kò ní rí bàbá rẹ níbẹ̀. Ìbọn tí kò níwèé ló máa rí.”

“Bàbá, kò yìn mọ́.”

“Ìbọn tí kò yìn náà, ìbọn ni. Bó bá sì débí, wọn á béèrè ìwé lọ́wọ́ ìwọ náà.”

Ó ní bí mo bá bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, kó má jù ú nù, kó má fi pa mọ́. Kó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé bàbá wa, kó sọ òtítọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú un.

Mo pe àbúrò mi, fóònù kò lọ. Mo tún pè. Mo jáde sínú páàkì Mayesbrook, mo ń rìn lẹ́bàá omi. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń lọ lójú omi láìyára. Mo wo omi náà títí ó fi dà bí ọ̀nà, mo sì rí ọkọ̀ kékeré kan lórí rẹ̀, àbúrò mi nínú ọkọ̀ náà, àpò láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, Olúwa, dá a dúró. N kò mọ àdúrà mìíràn.

Nígbà tó gbé fóònù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì dé ààlà Ọ̀ṣun. Táyà wa ló bẹ́. A wà lọ́dọ̀ fọkanáísà.”

Mo kúnlẹ̀ lórí koríko. Mo sọ ohun tí bàbá àgbà wí fún un. Ó ní:

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e. Ẹ̀yin náà lẹ tún ní kí n gbé e lọ bá ọlọ́pàá. Tí wọ́n bá tì mí mọ́lé ńkọ́?”

Mo ní kó sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán an, kó fún wọn ní nọ́ńbà mi. Ó pa fóònù.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá àgbà wá bá mi pẹ̀lú tíì nínú fúláàsì, ó jókòó tì mí. Oòrùn kúrò lójú omi, ó bọ́ sórí igi. N kò mọ iye wákàtí tó kọjá kí fóònù tó dún.

Àbúrò mi ni. Ó ní ọ̀gá kan ní àgọ́ náà ka ìwé bàbá wa pẹ́, ó sì bá òun wí bí ẹni ń bá ọmọ wí: ìgbà tí bàbá kú gan-an ló yẹ kí a ti gbé ìbọn náà wá. Pé òun fúnra òun gbé e wá ló yọ òun. Wọ́n gba ìbọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó padà, tó bẹ̀ wọ́n fún okùn awọ ìbọn náà. Ọ̀gá náà yí okùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, “Òfin ò bá okùn wí. Gbé e.”

Okùn náà dé Dagenham láàárín aṣọ, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti ilé bọ̀. Mo gbé e kọ́ èjìká. Ó ṣì ń rùn èéfín àti òróró. Nígbà yẹn ni mo tó lọ rọ́ àlá mi fún bàbá àgbà.

Ó bi mí pé, “Ṣé ó bínú?”

“Ó rẹ́rìn-ín.”

“Ẹni tó ń wá ẹrù rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ti sọ tirẹ̀ kalẹ̀ ni.”

Okùn yẹn ni mo fi ń gbé àpò Bíbélì àti sùtánà mi kọ́ èjìká báyìí. Àbúrò mi ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Olókùn, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí ìkùukùu bá bo Becontree Heath, mo máa ń rọra rìn, bí ẹni tí kò dá nìkan lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run dá ọkọ̀ rẹ dúró kí ó tó dé ààlà tí kò yẹ kí o kọjá. Ohun tí àwọn òbí rẹ fi sílẹ̀, kí èyí tó lè gbé ọ ró nínú rẹ̀ tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ìyókù dúró síbi tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Kí èjìká rẹ fúyẹ́.