Ìbéèrè Kẹrin Nípa Àwo Ìrẹsì

Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ló jẹ́ ká mọ ara wa. Ó ń jò láìjẹ́ pé mo mọ̀, omi gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì ń kán sínú ilé ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi. Ìgbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ni mo bá ọmọbìnrin ará Ṣáínà kan lẹ́nu ọ̀nà mi, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn rọra sọ fún mi pé òjò ń rọ̀ nínú ilé ìdáná òun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo mú aṣọ ìnulẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ìwé tó ti kó jọ sí etí tábìlì kan kí omi má bàa kàn wọ́n. Àkàyé ni wọ́n. Ìtàn kúkúrú wà lókè, ìbéèrè wà nísàlẹ̀, A, B, C àti D sì wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kí n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, tíṣà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nílé wọn báyìí, ní Thamesmead níbí àti lápá Plumstead, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀sán ni mo máa ń ráyè. Mo sọ fún un pé èmi náà ti ṣe irú ìbéèrè wọ̀nyí rí. Ó gbé omi kaná, ó po tíì fún mi, a sì jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Tíṣà ni òun náà. Sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ló ti ń kọ́ni ní ìlú rẹ̀, ó wá kàwé sí i ní yunifásítì kan níbí. Ohun tó ń ṣe ìwádìí lé lórí ni bí a ṣe lè dán àwọn ọmọ ilé ìwé wò, ká mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń kà lédè Gẹ̀ẹ́sì yé wọn lóòótọ́.

Ó ní, "Auntie, àwọn ọmọ wa ń kàwé ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí àkàyé tí mo lè mú nínú ìwé tí wọn kò tíì bá pàdé rí. Wọ́n á ti mú ìdáhùn kí wọ́n tó kà á dé ìdajì. Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n kà ni, àbí wọ́n mọ̀ ọ́n rántí ni? Mi ò lè sọ."

Gbogbo ará ilé wa ló ń pè mí ní Auntie, ibẹ̀ lòun náà ti gbọ́ ọ. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n kọ àwọn ìtàn kéékèèké fún òun, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ sínú ìwé rí.

Mo ní, "Kí ni mo ní tí mo fẹ́ kọ?"

"Ohunkóhun tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àkọ́kọ́ dá lórí básì tó ń gba Nathan Way láàárọ̀, bí àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ṣe máa ń sùn lọ fọnfọn nínú rẹ̀, síbẹ̀ tí kì í sí ẹni tó máa ń sùn kọjá ibi tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀. Ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dára, Auntie, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ bíi Bíbélì. Gbólóhùn kan ló gba ojú ewé tán."

Mo gé e sí wẹ́wẹ́. Ìkejì jẹ́ nípa àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú adágún ẹ̀yìn ilé wa, tí wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró bí ẹni pé àwọn náà ń san owó orí. Ìkẹta ni ti àwo ìrẹsì.

Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù ni mo kọ nípa rẹ̀. Ìbátan bàbá mi kan, tí mò ń pè ní Daddy, ló wá fi mọ́tò gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé wọn ní Belvedere. Ìyàwó wọn, tí mò ń pè ní Mummy, ò tíì dé. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọ́fíìsì ni Mummy ń ṣe nígbà náà, wọ́n ń nu ilẹ̀, wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n kí mi káàbọ̀, wọn ò bọ́ kóòtù ọrùn wọn, ilé ìdáná ni wọ́n gbà lọ tààrà. Ìrẹsì tó wà nínú ìkòkò kò ju oúnjẹ ẹnì kan lọ, Daddy sì ti jẹun tiwọn ṣáájú. Mummy bu gbogbo rẹ̀ sínú àwo kan, wọ́n gbé ẹran lé e, wọ́n gbé e síwájú mi. Daddy bi wọ́n pé, "Tìẹ ńkọ́?" Mummy ní, "Mo ti jẹun níbi iṣẹ́." Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n dúró sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń mu omi.

Mo ti sọ ìtàn yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo ti fi jẹ́rìí rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé obìnrin kan febi pa ara rẹ̀ nítorí mi ní alẹ́ tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Ọmọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ jókòó ṣe ìbéèrè rẹ̀. Ìkẹrin nínú wọn ni pé: kí ló dé tí obìnrin náà fi sọ pé òun ti jẹun? A: nítorí pé ó ti jẹun níbi iṣẹ́. B: nítorí pé ó fẹ́ kí àlejò yó. C: nítorí pé kò fẹ́ràn ìrẹsì. D: nítorí pé oorun ń kùn ún. A ò tilẹ̀ jiyàn lórí rẹ̀. B ni ìdáhùn.

Ó fi ìdánwò náà ránṣẹ́ sílé, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún kíláàsì méjì pé kí wọ́n fi dánra wò. Nígbà tí èsì dé, ó gun òkè wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dùn. Kò sí orúkọ ọmọ kankan níbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ṣe dáadáa nínú ti básì àti ti pẹ́pẹ́yẹ. Lẹ́yìn náà ló wá fọwọ́ sí ìbéèrè kẹrin.

Ó ní, "Tí ìbéèrè bá dára, àwọn tó mọ̀wé jù ló yẹ kó rí i gbà jù. Ti eléyìí dorí kodò. Àwọn tó máa ń ṣe ipò kìíní, ìkejì, A ni wọ́n mú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló mú B."

"Báwo ló ṣe wá jẹ́?"

"Àwọn tó mọ̀wé, àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ fún wọn pé ohun tó bá wà lójú ìwé nìkan ni kí wọ́n mú, kí wọ́n má fi ọkàn ara wọn kún un. Obìnrin náà ní òun ti jẹun, ó parí." Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Ẹ wo èyí."

Àwòrán ìwé ọmọ kan tó mú B ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn rẹ̀, ọmọ náà ti fi bírò kọ gbólóhùn kékeré kan: ìyá mi àgbà máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ti rí èsì náà. Ó ti ní kí wọ́n yọ ìbéèrè kẹrin kúrò, tàbí kí wọ́n sọ A di ìdáhùn, torí kò sí ibi tí ìtàn ti sọ pé obìnrin náà ò jẹun. Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ gbà. Ó bi mí pé, "Auntie, èwo ni òótọ́?"

"B ni. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀."

"Ṣé obìnrin náà sọ fún yín?"

Mi ò bi Mummy léèrè rí. Ó ti pẹ́ tí Daddy ti kú, a sì ń lọ sọ́dọ̀ ara wa déédéé, a ń jọ jẹ, a ń jọ mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn kò wáyé rí láàárín wa. Mo rò pé ohun tí mo mọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Sátidé, a wọ básì lọ sí Belvedere. Mummy ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. A bá wọn níbi tí wọ́n ti ń lọ sùtánà funfun tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí ìsìn ọjọ́ kejì. Wọ́n bu ẹ̀wà fún wa, wọ́n bi ọmọbìnrin náà bóyá ata rẹ̀ kò pọ̀ jù, òun náà sì ní kò pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ imú rẹ̀ ti ń ṣomi. Nígbà tí a jẹun tán, mo ní:

"Mummy, ẹ rántí alẹ́ tí mo dé?"

"Ṣé ìyẹn náà ṣeé gbàgbé?"

"Ìrẹsì tí ẹ gbé fún mi. Ẹ ní ẹ ti jẹun níbi iṣẹ́. Ṣé ẹ jẹun lóòótọ́?"

Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ni, ní Ṣáínà."

Wọ́n wo ọmọbìnrin náà, wọ́n wò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tẹ́ apá sùtánà náà dáadáa, wọ́n ń lọ ọ́ lọ, wọn ò wojú mi.

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Ebi ń pa mí. Inú ló ń bí mi."

"Ṣé sí èmi ni?"

"Sí Daddy rẹ ni. Wọn ò sọ fún mi pé o ń bọ̀. Bàtà rẹ ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá kan péré la ní nígbà yẹn. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń nu ilẹ̀ onílẹ̀, mo délé, mo bá àlejò àti àpótí. Mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó pẹ̀lú yín, màá sọ̀rọ̀ tí ò yẹ. Mo bá lọ dúró sídìí omi."

Ọmọbìnrin náà rí i pé ojú mi yí padà, ó bi mí ohun tí wọ́n sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ronú, ó sì bi Mummy fúnra rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, tí inú bá ń bí wọn, kí ló dé tí wọ́n fi gbé gbogbo oúnjẹ náà fún mi?

Yorùbá ni Mummy fi dá a lóhùn, bí ẹni pé ọmọbìnrin náà gbọ́ Yorùbá. "Ṣé àlejò ló ṣẹ̀ mí ni? Ọmọ ọlọ́mọ ti rin ìrìn àjò. Àti pé mo fẹ́ kí Daddy wo ìkòkò òfìfo yẹn, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi mí ṣe. Wọn ò tilẹ̀ wò ó. Ẹ ti sùn tán kí n tó rí búrẹ́dì jẹ."

Mo jókòó síbẹ̀, ojú ń tì mí, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe tí ojú fi ń tì mí. Mummy rí i. Wọ́n fi sùtánà kọ́, wọ́n wá jókòó tì mí.

"Má fajú ro. Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́, ó ti tán. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi rí i pé o mọ abọ́ fọ̀. Ọkàn mi rọ̀."

Nínú básì tí a ń bọ̀, mo ń ro ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé mo bínú. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbé àga tí o ti ń jókòó sí láti ọjọ́ pípẹ́ kúrò láyè rẹ̀, àga náà ṣì wà nínú ilé, ṣùgbọ́n o ń wá a. Ọmọbìnrin náà wo fèrèsé títí, ó wá ní, "Nínú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kọ, kò sí ìyẹn níbẹ̀."

Ó yọ ìbéèrè kẹrin kúrò nínú ìdánwò náà bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n kò ju ìtàn náà nù. Ó fún kíláàsì mìíràn láìsí A, láìsí B, ó kàn ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe obìnrin náà, àti ohun tí wọ́n rí nínú ìtàn tó mú wọn rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì ti kejì dé, èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Àwọn kan kò kọ nǹkan kan rárá, títí kan àwọn tó máa ń ṣe ipò kìíní. Ọ̀pọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti àánú. Ọmọ kan wà tó kọ ìlà méjì péré, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Ó ní inú obìnrin yìí kò dùn, nítorí pé inú ilé rẹ̀ ló wà, síbẹ̀ kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

Mo ka ìlà méjì yẹn léraléra. Èmi ni mo kọ kóòtù náà síbẹ̀. Ojú mi ló rí i lọ́rùn wọn, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mi ò sì kà á rí. Ọmọ tí kò mọ Belvedere, tí kò mọ Mummy, ló kà á.

Mo pe Mummy lórí fóònù, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Mo ní mi ò mọ̀, nọ́ńbà ni wọ́n kọ.

"Obìnrin ni," ni Mummy wí, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọbìnrin náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì padà sílé. Mo bá a fa àpótí rẹ̀ kan dé sítéṣàn Woolwich Arsenal. A ò sunkún, a dì mọ́ra, ọkọ̀ ojú irin dé, ó wọlé. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà báyìí, ó sì ṣì ń bẹ̀ mí pé kí n máa kọ ìtàn ránṣẹ́. Mò ń kọ wọ́n lọ́sàn-án, kí n tó jáde fún iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn jẹ́ nípa obìnrin arúgbó kan tí mò ń tọ́jú, tó kọ̀ jálẹ̀ láti wọ bàtà tí ọmọ rẹ̀ rà fún un. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń bínú sí. Kí n tó kọ ọ́, mo bi í léèrè. Ó ní bàtà náà há òun lẹ́sẹ̀ ni.