Ọmọ Olúwadára Tí Kì Í Ṣẹ́jú

Wọ́n ní Olúwadára ti bímọ. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Wọ́n ní ọmọ náà kì í sunkún, kì í ṣẹ́jú, àti pé láti Woolwich títí dé Thamesmead ló fi tẹjú mọ́ Mummy Adébísọ́lá nínú bọ́ọ̀sì, tí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí Mummy ti dá láti kékeré sì ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú rẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Thamesmead Town Centre, ìròyìn ti dé Peckham. Kí Mummy tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti dé Ìbàdàn. Nígbà tí Mummy fi máa wọlé, tó bọ́ bàtà, ìròyìn náà ti lọ sí Houston, ó ti yí padà wá bá a lórí fóònù rẹ̀, ó sì ti di ìbejì.

Ọmọ ogún ọdún ni Olúwadára tí à ń wí yìí. Ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń kọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Thamesmead. Ó tín-ín-rín débi pé afẹ́fẹ́ odò Thames máa ń dá a dúró lọ́nà, á bi í pé, “Ọmọ, ibo lò ń lọ? Ṣé kí n gbé ẹ débẹ̀?” Níbo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí gbé oyún pa mọ́ sí? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ìdáhùn: inú kóòtù òtútù rẹ̀ ni.

Bí ẹ ò bá tíì ṣe ọmọ iléèwé nígbà òtútù London rí, ẹ dúpẹ́. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí Olúwadára á ti dúró ní ibùdókọ̀, torí Thamesmead kò ní réluwéè. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ dé Woolwich kí wọ́n tó rí ọkọ̀ ojú irin. Ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó jáde ní kíláàsì. Láti oṣù kọkànlá, àfi nínú àwòrán ló ń rí oòrùn. Ní láíbírì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná ni ààfin ọba. Zoe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Woolwich, tó máa ń kí àgbàlagbà ní “báwo ni” bíi pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Á ju kóòtù sórí àga kan, á gbé báàgì sórí èkejì, á gbé ike indomie sórí ẹ̀kẹta, á wá kéde fún gbogbo ayé pé, “It's taken, bruv.” Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì á wà, wọ́n á kàwé díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín púpọ̀, títí ẹni tó ń ṣọ́ láíbírì á fi yọjú sí wọn bí ìyàwó ilé tó gbọ́ ìró ológbò nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

Ayé wọn dùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba oorun Olúwadára jẹ́: ìdánwò ọmọ wíwẹ̀.

Ṣáájú Kérésìmesì, olúkúlùkù wọn ni ó wẹ ọmọ rọ́bà kan lójú olùkọ́. Gbogbo kíláàsì ló yege, àfi òun. Ọmọ kan ṣoṣo ni lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò gbé ọmọ jòjòló rí láyé; bí wọ́n bá na ọmọ sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ikọ́ ni í máa ń wú lójijì. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó gbé ọmọ rọ́bà náà bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí iná. Orí ọmọ ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún. Èyí tó wá burú jù, kò bá a sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ wọn, obìnrin ará Scotland kan tó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ òótọ́ tó dunni, sọ fún un pé, “Ọmọ kì í ṣe ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ. Èèyàn ni. A máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.”

Oṣù kìíní ló máa tún un ṣe. Bó bá tún kùnà, á tún ọdún kejì kà látìbẹ̀rẹ̀, Zoe àti àwọn yòókù á sì kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi yá a ní ọmọ rọ́bà náà lọ́jọ́ Fúráìdé, pé kó gbé e lọ sílé, kí ara rẹ̀ mọ́ ọn, kó dá a padà ní Mọ́ńdè lọ́jọ́ ìdánwò. Zoe ló sọ ọmọ náà ní Enoch. Enoch wúwo bí ọmọ gidi, ọrùn rẹ̀ rọ̀ bí ọrùn ọmọ gidi, ojú rẹ̀ méjèèjì sì là kedere.

Olúwadára dé Woolwich, ni ìyá rẹ̀ bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ra iṣu, ra èlùbọ́, ra ata rodo, ra ẹja yíyan. Ó rà wọ́n. Yìnyín àti òjò ń jọ rọ̀ pọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibùdókọ̀, báàgì tí Enoch wà nínú rẹ̀ ya. Iṣu lọ́wọ́ ọ̀tún, èlùbọ́ lọ́wọ́ òsì, ọmọ ìjọba nílẹ̀. Ohun tí ọmọ Yorùbá máa ṣe náà ló ṣe: ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Enoch pọ̀n, ó fi sikáàfù rẹ̀ gbà á dáadáa, ó dé e ní fìlà, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Bàbá àgbà kan dìde fún un pé kí ìyá ọmọ wá jókòó. Ẹsẹ̀ ń ro Olúwadára láti àárọ̀. Kò purọ́. Ó kàn jókòó ni. Ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní kíláàsì, kò mọ̀ pé orí Enoch ti ṣubú sẹ́yìn lórí àga, tó sì dojú kọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn wọn.

Ta ló jókòó sẹ́yìn wọn? Mummy Adébísọ́lá, olórí àwọn amèrò-jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Nathan Way, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà àti ilé ìkẹ́rù kan. Mummy kí ọmọ: “Ẹ n lẹ́, bàbá mi.” Ọmọ ń wò ó. Mummy yọ ahọ́n sí i. Ọmọ ń wò ó. Mummy kọ orin fún un, ó pàtẹ́wọ́, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni jẹ ìgbá. Ọmọ kò ṣẹ́jú. Òógùn bo Mummy nínú òtútù. Ó ní, “Háà. Wòlíì nìyí.” Ó fa fóònù yọ.

Ìyá Olúwadára wà níbi iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà tí ìpè wọlé.

“Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá Àgbà!”

“Ta ni Ìyá Àgbà?”

“Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ ká gbọ́. Ṣé àwa la máa jẹ ọmọ náà ni?”

Ìyá Olúwadára mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ ó ronú kan kóòtù yẹn. Kóòtù yẹn tóbi. Bí iṣẹ́ ṣe parí, kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó gbá ilẹ̀kùn ilé wọlé, ló bá bá ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàsíà, pẹ̀lú ọmọ ìhòòhò kan lọ́wọ́.

“Yéè! Olúwadára! Ta ló ni í?”

“Yunifásítì ni, Mummy.”

Ó gba àlàyé gígùn, àti fífi èékánná tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Enoch léraléra, kí ọkàn ìyá tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ará ìsàlẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà.

Lọ́sàn-án Sátidé, Zoe wá bá wọn ṣe ìdánrawò. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí aago ẹnu ọ̀nà fi dún. Mummy Adébísọ́lá nìyẹn, pẹ̀lú ìyá ìjọ méjì, ọbẹ̀ ata, páḿpásì ràgàjì, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bísọ́lá, tó gbé Àánú, ọmọ rẹ̀ olóṣù méjì, dání.

Olúwadára sáré bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnnì. “Mummy, ẹ sọ fún wọn.”

“Dákẹ́ ná. Ṣé o gbọ́ òórùn ọbẹ̀ yẹn? Jẹ́ kí wọ́n gbé e kalẹ̀ ná.”

Kí ọbẹ̀ tó balẹ̀, Mummy Adébísọ́lá ti rí bàsíà. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun nìyí? Ẹ gbé e fún mi jàre.” Ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ Enoch sórí ojúgun, ó bu omi sí i. “Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Ó sunkún? Mo sọ fún yín! Àmọ́ ara ọmọ yìí le o.”

“Òtútù ni,” ni ìyá Olúwadára wí, ó sì bu etí gèlè rẹ̀ jẹ.

Mummy mú apá ọ̀tún Enoch, ó ní kí òun nà án kó má baà ká. Ó nà án. Apá náà dún kàù, ó sì bá ọwọ́ Mummy lọ pátápátá.

Ariwo tó sọ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ní òdìkejì odò. Àwọn ìyá ìjọ méjèèjì há sẹ́nu ọ̀nà, torí àwọn méjèèjì fẹ́ kọ́kọ́ jáde. Zoe nìkan ni kò mira. Ó gba apá náà, ó tì í padà sáyè rẹ̀, pàkà.

“Auntie, chill. Rọ́bà ni.”

Mummy Adébísọ́lá wo Enoch. Enoch wo Mummy Adébísọ́lá.

“Mo mọ̀,” ni Mummy wí. “Mo ti mọ̀ láti inú bọ́ọ̀sì. Mo kàn ń dán yín wò ni.”

Ariwo yẹn kò jí Àánú; ẹ̀rín tí wọ́n bú sí ló jí i. Àánú fi igbe bọnu, ó sì tún fi nǹkan mìíràn kún un tó gba inú páḿpásì jáde dé ẹ̀yìn. Bísọ́lá wo bàsíà, ó wo Olúwadára.

“Ìwọ lo ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Gbà.”

Ikọ́ fẹ́ dé. Olúwadára gbé e mì. Ó fi ọwọ́ òsì gba ẹ̀yìn orí ọmọ, ó rọra tẹ̀ ẹ́ sómi, Àánú sì ń ké bíi pé wọ́n fẹ́ gba ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ló la ẹnu Olúwadára, kì í ṣe ìmọ̀: “Pẹ̀lẹ́, Àánú, pẹ̀lẹ́. Má bínú, omi ò gbóná jù. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n ṣe, àwa méjèèjì la jọ ń kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ rèé. Ta ló ni ìdí tó tóbi báyìí?” Ó ń sọ, ó ń wẹ̀. Nígbà tó máa fi dé ẹ̀yìn etí, Àánú ti dákẹ́, ó ń fi omi ṣeré, ó sì ta á sí Mummy Adébísọ́lá lójú.

Ní Mọ́ńdè, ó dúró níwájú olùkọ́ pẹ̀lú Enoch. Ẹnu rẹ̀ kò sinmi látìgbà tó ti bọ́ fìlà rẹ̀ títí tó fi nù ún gbẹ, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, orí Enoch kò sì fì lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ kọ̀wé, ó gbójú sókè.

“Mo rí i pé ẹ ti mọra yín. Kí lò ń sọ fún un?”

“Mo ní kó má da omi sí mi lára. Aṣọ tí mo wọ̀ yìí nìkan ló gbẹ nílé wa látọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ tó tẹ̀ lé e kò dunni: ó yege. Zoe, tó ti fi etí lẹ ilẹ̀kùn, fò sókè, ó sì fi orí gbá pátákó ìkìlọ̀ iná.

Irọ́ ti wọ bọ́ọ̀sì lọ, òótọ́ ṣì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Yàtọ̀ sí orúkọ ọmọ, àwọn tó wá wẹ Enoch ní Sátidé kò sọ nǹkan kan fún ẹnì kankan. Nítorí náà, ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, tí ìjọ ti kà sí ọjọ́ ìkómọ, Ṣògo tó ń darí ojú àwòrán ńlá tí wọ́n fi ń ka orin ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé e síbẹ̀ gàdàgbà: ÌKÓMỌ WÒLÍÌ ENOCH. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Oyin àti iyọ̀ ti wà lórí tábìlì. Pásítọ̀ ní kí ìyá ọmọ jáde. Mummy Adébísọ́lá gbójú sínú Bíbélì tó dorí kodò.

Olúwadára dìde láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn ènìyàn na ọrùn. Ó gba máíkì lọ́wọ́ Pásítọ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde.

“Daddy, Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bímọ. Òótọ́ ni pé mo pọn Enoch, òótọ́ ni pé kì í sunkún, kì í sì í ṣẹ́jú. Rọ́bà ni. Mo ti dá a padà sí yunifásítì.”

“Ìkejì ńkọ́?” ni ìyá kan ké láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Ìbejì la gbọ́!”

“Kò sí ìkejì, Mummy. Kò sí bàbá ọmọ náà, kí ẹ tó bèèrè. Àti bàbá àgbà tó dìde fún mi nínú bọ́ọ̀sì, bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ wọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé mo kùnà ìdánwò kan, mo tún un ṣe, mo sì yege. Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí, Àánú ni, ọmọ Sister Bísọ́lá, òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀ láyé mi. Ó ń sunkún, ó ń ṣẹ́jú, ó sì ti tọ̀ sí mi lára látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí wásáàpù, ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí ni kí ẹ kọ ọ́.”