Marlys, Alágbàwí Ìwé Ọ̀fẹ́

Ní yunifásítì wa, kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún olùkọ́ pé ìwé báyìí ni kó fi kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀gá ẹ̀ka ò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgbà pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ló ni kíláàsì rẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Marlys Tollefsrud fi jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kó máa bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi ìwé olówó gọbọi sílẹ̀, kí wọ́n gba ìwé ọ̀fẹ́, irú èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ tí wọ́n sì gbé sórí kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni lè kà á láìsan nǹkan kan. Wọn ò fún un láṣẹ, wọn ò fún un nígbákejì. Káàdì ni wọ́n tẹ̀ fún un, wọ́n sì ṣi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti ẹ̀ ti jọ wà ní láíbìrì yẹn, èmi nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yá ìwé, òun nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn mi. Èmi kì í ṣe onísùúrù, mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́. Marlys ló ní sùúrù. Á yan kéèkì pẹlẹbẹ nílé, á gé e sí wẹ́wẹ́ sínú ike, á gba inú yìnyín kọjá láti ilé kan sí èkejì, á máa kan ilẹ̀kùn àwọn olùkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Marlys," mo máa ń wí fún un, "àwọn èèyàn yìí ń jẹ kéèkì rẹ, wọn ò ka ìwé rẹ."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Verna."

"Èyí tóo mú yìí ti ń bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta."

Á kàn rẹ́rìn-ín, á de ike rẹ̀.

Kíláàsì kan ló ká a lára jù: ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ìwé lásán ni wọ́n ń tà mọ́. Kóòdù ni. Kóòdù yẹn, nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ló ń ṣí ojú ewé tí iṣẹ́ àṣetiléwá wà. Ẹni tí ò bá rà á ò lè ṣiṣẹ́, ẹni tí ò bá ṣiṣẹ́, òdo ni. Lọ́dọọdún, kí ewé tó wọ́ tán lórí igi, àwọn kan á ti pa ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tì. Ìyá ọlọ́mọ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó kí wọ́n tó wá kàwé. Marlys fẹ́ kí ìyẹn dópin kí òun tó fẹ̀yìn tì. Kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orrin Bakke ló ni kíláàsì náà, ọkùnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ mú, àmọ́ tí kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Ìwé tí wọn ò tà," ó bi Marlys bó ṣe ń mú kéèkì, "kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ ló kọ ọ́."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn nìyẹn?"

"Kéèkì mi lo ń jẹ, Orrin. Mo lè bú ọ."

Orrin rẹ́rìn-ín, ó wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ó ti yẹ ìwé ọ̀fẹ́ náà wò, ó dára. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń ta kóòdù ló ń bá òun máàkì iṣẹ́ igba ọmọ. Ìwé ọ̀fẹ́ ò ní ìbéèrè tirẹ̀, kò sì ní ẹni tó máa máàkì í. Ìyàwó òun nílé ò lè dá wẹ̀ mọ́. Ìgbà wo lòun fẹ́ ráyè?

"Jẹ́ ká jọ kọ ìbéèrè náà," Marlys ní. "Ìwọ á sọ ọ́, èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà yunifásítì. Òun náà mọ máàkì."

Gbogbo ìgbà ooru yẹn ni wọ́n fi ṣe é. Mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí kíndìnrín. Marlys tí kì í lè wo ẹ̀jẹ̀ wá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. N ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti ṣe é dé ìdajì nígbà tí ìyàwó Orrin ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Kí Ọ́gọ́ọ̀sì tó parí, Orrin ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Arizona. Ó wá dágbére, ó ní, "Marlys, mo já ọ kulẹ̀." Marlys ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, kó lọ tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ?

Janelle Azure ni wọ́n gbà dípò rẹ̀, ọmọ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà láti Turtle Mountain, tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa rí. Nígbà tí Marlys gbọ́ orúkọ náà, ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní ẹni tó mọ̀ bí ìyà ìwé ṣe ń jẹni ni Ọlọ́run gbé dé. Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gba Janelle, ọjọ́ Ajé ni kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀. Sáà kan péré ni wọ́n gbà á fún, ó sì ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ méjì mìíràn, ó ń wakọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ láíbìrì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Àǹtí Marlys, ẹ má bínú sí mi."

"Jókòó ná. Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó jókòó. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta kóòdù wá bá mi láàárọ̀. Ó ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́, ìdánwò, àwòrán, títí dé ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Mo ti gbà."

Marlys gbé àga sún mọ́ ọn. "A ní ìdajì. Fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, èmi á máa kọ èyí tó kù ṣíwájú rẹ."

"Àǹtí, ẹ kì í ṣe olùkọ́ ẹ̀yà ara. Bí ìbéèrè kan bá ṣìnà, orí ta ló máa dà lé? Bí àwọn ọmọ bá kọ ohun tí ò dáa nípa mi fún àwọn ọ̀gá, wọn ò ní pè mí mọ́ ní Jánúárì. Mo lọ́mọ méjì nílé."

"Mo mọ̀."

"Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, n ò ní ṣe é."

Marlys mirí. "Kò sẹ́ni tó lè sọ ìyẹn fún ọ, Janelle. Ìwọ lo ni kíláàsì rẹ."

Inú bí mi. "Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló lọ fi sẹ́nu." Mo sọ ọ́ sókè kí Janelle lè gbọ́. Ó gbọ́, ó sì bú sẹ́kún. N ò bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n ò mọ ohun tí èmi ì bá ṣe ká ní èmi ni.

Ibi ẹkún yẹn la ti mọ̀ pé wàhálà mìíràn tún wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà tò kọ̀, kò wọnú kọ̀ǹpútà yunifásítì, Janelle sì ti ń bá a fà á láti ọ̀sán. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti tilẹ̀kùn lọ sílé. Marlys fa àga, ó jókòó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó ìbéèrè tí òun àti Orrin kọ kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kan náà ló fi to ti ilé-iṣẹ́ sí i.

"Ṣé orí rẹ pé báyìí?" mo bi í.

"Àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, Verna. Ṣé kí wọ́n wá bá òfìfo ni?"

Mo lọ po kọfí fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́ ilé arúgbó lọ́rùn, ó ń bèèrè Marlys.

"Ìyáàfin Azure ló ní kí n wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ yá àwọn ní ìwé títí àwọn fi jáde. Wọ́n ní tí n bá ti dọ́dọ̀ yín, n ò ní pòfo."

Marlys ti dìde kó tó gbọ́ ọ tán. Ó dúró níwájú pẹpẹ ìwé, kò mú nǹkan kan.

"Ìwé ni mo yá a," ó ní. "Kóòdù ò ṣeé yá, ọmọ mi. Ẹni tó bá rà á nìkan ló ń ṣí fún."

Obìnrin náà ní kò burú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó wá bi wá pé ọjọ́ wo gan-an lèèyàn lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kíláàsì mọ, tí wọ́n á fi dá owó rẹ̀ padà. Marlys mọ ọjọ́ náà, ó sì sọ ọ́ fún un.