Ìdí Tí Ìyá Onílé Wa Fi Ń Sá fún Omi

Òórùn bísíkíìtì ló máa ń jí wa láràárọ̀ ní àdúgbò tí a kọ́kọ́ gbé ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò jìnnà sí wa, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ wọn, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á máa ta sánsán bíi pé ẹnì kan ń yan búrẹ́dì sábẹ́ ibùsùn wa. Tó bá fi máa di ọ̀sán, èéfín ilé iṣẹ́ irin àti eruku títì márosẹ̀ á ti borí rẹ̀. Àsìkò yẹn ni gbogbo ayé ń rọ́ wá sí Ọ̀tà. Ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ń dìde níbi tó jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀, yunifásítì ń tẹ̀lé wọn, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan kì í jókòó lásán. Láti Ìkìrun ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Òun ń jó irin òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń di bísíkíìtì sínú páálí.

Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni ìyá tó ni ilé tí a gbé. Àgbàlagbà ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún un sì wà ní Ìkòròdú. Àwa ayálégbé la kún inú ilé náà fọ́fọ́, yàrá kọjú sí yàrá. Mùsùlùmí ni ìyá, oníṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò jẹ sàárà rẹ̀ rí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí ìyá tèmi kò sí nítòsí, òun ló ń wẹ ọmọ fún mi, òun ló sì ń jókòó tì mí títí màá fi mu omi inú ife tán. Ó ní omi ló ń di wàrà, pé abiyamọ tí kò bá mumi, ara òun fúnra rẹ̀ lọmọ ń mu.

Nítorí náà, ó yà mí lẹ́nu nígbà tí èmi tí mò ń pọn omi sí àmù rẹ̀ rí i pé omi náà kì í fà mọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni. Mo kọ́kọ́ rò pé omi inú ọ̀rá ló ń rà mu. Lẹ́yìn náà ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde, ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń ṣòro fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ pè mí, ó ní kí n mú àdá wá ká tètè dé oko kí oòrùn tó le. Oko wo? Ilẹ̀ oko wọn ti di ilé àwọn olùkọ́ yunifásítì, àní àwọn igi òdòdó tí wọ́n gbìn síwájú rẹ̀ ti ga ju ènìyàn lọ.

Mo ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an. Ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gbọ́ bí ó ṣe ń so ọ̀rọ̀ àná mọ́ tọdúnmọ́dún, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní ìyá òun ti ń ṣarán, pé òun á kó o lọ sí Ìkòròdú, òun á sì ti yàrá rẹ̀ pa. Ìyá kàn fi ọwọ́ pa ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń pa ọmọ lórí. Kò gbé ìlú mìíràn rí láyé rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ padà wá kó o, ẹrù ti wà nínú ọkọ̀. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kírun ná. Bó ṣe ń dìde lórí ẹní ìkírun ló yí lulẹ̀. Èmi àti ọmọ rẹ̀ la gbé e, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ wa bí aṣọ tó gbẹ sórí okùn. Kàkà kí ọkọ̀ kọrí sí Ìkòròdú, ilé ìwòsàn ló gbà lọ.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kéré lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá sókè, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó wo ìtọ̀ rẹ̀ tó pọ́n bí omi ewé tíì. Ó ní ara ìyá ló gbẹ. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì ń bu omi iyọ̀ àti ṣúgà fún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìyá la ojú, ó wò mí dáadáa, ó ní, “Ìyàwó, ta ló ń fún àwọn adìẹ mi lóúnjẹ?” Ọmọ rẹ̀ bọ́ síta, ó lọ sunkún ayọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Dókítà wá ṣàlàyé fún wa pé ọpọlọ pàápàá ń fi omi ṣiṣẹ́, pé bí omi bá dín lára àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dàrú kí ènìyàn máa pè é ní arán. Omi náà ni kíndìnrín fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, òun ló ń mú kí oúnjẹ dà kó sì rọrùn láti yà. Ó ní ká má dúró de òùngbẹ, nítorí bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, òùngbẹ kì í tètè pe ènìyàn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún látàárọ̀, ẹ̀kọ mímu àti ọsàn náà sì kà mọ́ omi.

Ọmọ rẹ̀ ra omi wá bíi pé ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó sún ìrìn àjò Ìkòròdú síwájú, ó ní kí n bá òun mójú tó o. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí ìyá tó ń rọra da omi inú ife gba ojú fèrèsé sórí ewúro. Mo wọlé, mo jókòó tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ìtọ̀ kì í dúró dè mí mọ́,” ló wí. “Ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé, bí mo bá sì débẹ̀, ẹ̀yin ayálégbé á ti tò síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ sí mi lára níbi tí mo ti dúró lẹ́yìn yín. Àlùwàlá mi bàjẹ́, ìrọ̀lẹ́ sì ni mo tó rí aṣọ náà fọ̀. Ìyàwó, má sọ fún ọmọ mi.”

Mo dì í mọ́ra. Obìnrin tó ń fi gbogbo ara gbá wa mọ́ra, ìtìjú ń pa á kú lọ lójú gbogbo wa.

Mi ò sọ fún ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo bá a sọ ni yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá, pé á dára bí a bá sọ ọ́ di ilé ìtọ̀ tirẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Ṣé ohun tó ń dààmú màmá mi nìyẹn?” ló bi mí. Mo wolẹ̀. Ó pè bíríkìlà, ọkọ mi jó irin ìdìmú mọ́ ògiri ibẹ̀, àwọn ayálégbé tó mọ iṣẹ́ omi sì fa páìpù wọlé. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, mo jókòó síta kí ìyá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Dókítà ti sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìtọ̀ tó bá pọ́n jù gan-an ló ń ta àpò ìtọ̀ tí kò fi lè mú un dúró. Ó sì kọ́ ọ bí á ṣe máa fún iṣan ibẹ̀ pọ̀ kó lè lágbára. Ìyá bi ààfáà rẹ̀ náà léèrè, ìyẹn sì ní kó máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó sì fọkàn balẹ̀. Bí omi àmù rẹ̀ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà nìyẹn. Orí fífọ́ lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ Ìkòròdú. Ọ̀tà ló wà títí ó fi sùn lọ ní ìrọ̀rùn, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nínú yàrá rẹ̀.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí pé omi dára fún ara. Ohun tí ìyá yẹn kọ́ mi ni pé kò tó kí á máa pàṣẹ fún àgbàlagbà pé kó mumi. Ó yẹ kí á béèrè ohun tí omi náà yóò ná an. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, kí n tó bu omi fún wọn, mo mú wọn lọ́wọ́, mo fi ibi tí wọ́n á ti máa tọ̀ hàn wọ́n, mo ní tiwọn nìkan ni. Wọ́n padà wá jókòó, wọ́n gba ife lọ́wọ́ mi, wọ́n mu ún tán, wọ́n sì ní kí n bu sí i.