Òòyì Tí Mo Pè Ní Òpó Ilé

Òwúrọ̀ kan ni mo yí ara padà lórí ẹní láti dìde, tí òrùlé ilé wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ń ṣàn, láti ọ̀tún sí òsì, bí omi ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń fà padà sí òkun. Mo di igi ẹnu ọ̀nà mú. Kò pẹ́, ó dúró. Ìkùukùu ṣì wà lójú omi, ẹnì kan sì ń wa ọkọ̀ kọjá nísàlẹ̀ ilé. Mo rò pé ìgbì ọkọ̀ rẹ̀ ló mì wá.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Orí omi ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Awoye. Orí òpó ni ilé wa dúró lé, àfárá pákó la sì ń gbà lọ sílé ara wa. Lọ́dọ̀ wa, ilé tí kò bá mì díẹ̀, ó ti wó nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ilé ń yí lójú mi láràárọ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé òpó ti jẹrà. Bàbá Dèjì wọ inú omi, ó fi èjìká ti òpó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Òpó yìí le ju èmi àti ìwọ lọ." Mo yarí. Ó pààrọ̀ méjì kí etí rẹ̀ lè sinmi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé tún yí.

Mo ti ń kọ́ júdò lásìkò yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín síyẹn, abúlé ti rẹ́rìn-ín ṣáájú yín. Ọ̀rẹ́ mi kan ló yọ̀ ṣubú lórí àfárá, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, kò sì dá rìn mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Dámilọ́lá, kọ́pà tó ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé wa, wá sọ pé ohun àkọ́kọ́ tí júdò ń kọ́ni ni bí èèyàn ṣe ń ṣubú láì fara pa. Mo bọ́ ìró, mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi, mo gbé orí ewú mi lọ bá a. Ó kọ́ mi kí n gbá àgbọ̀n mọ́ àyà, kí n fi apá gbá ilẹ̀, kí n jẹ́ kí ara yí. Orí iyanrìn tí wọ́n fi dí etí omi ní pápá ilé ìwé la máa ń tẹ́ tapólì sí. Nígbà mìíràn, bí mo bá nà gbalaja síbẹ̀ tí mo ń wo àwọn ẹyẹ òkun, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé.

Ibẹ̀ náà ni àṣírí ti tú. Mo ṣubú sẹ́yìn, mo dìde, gbogbo pápá yí bìrí, mo sì bì.

"Màmá, kí ló dé?"

Mo ní, "Ilẹ̀ ló mì."

Ó wò mí títí. "Màmá, ilẹ̀ ò mì o."

Ilẹ̀ ilé ìwé kò ní òpó. Èmi gan-an ni mò ń mì.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá mi, òun ni mo sì rò pé ó dé. Dèjì, ọmọ mi tó ń gbé ní Òkìtìpupa, sáré wá. Ó ní júdò ló fà á. Ó ní ẹni tí òòyì ń kọ́ kò gbọdọ̀ gbé orí omi mọ́. "Ìyé, ẹ ó bá mi lọ sórí ilẹ̀. Bí ẹ bá já sómi, ta ni yóò rí yín?" Òótọ́ ló sọ, ìdí tó fi dùn mí nìyẹn. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn níbi tí omi kò ti dún lábẹ́ ẹni.

Ní ọsibítù ní Igbókòdá, orí bẹ́ǹṣì la wà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Dókítà obìnrin kan wọn ìfúnpá mi, ó ní kí n rẹ́rìn-ín, kí n gbé apá méjèèjì sókè, kí n sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí apá bá rọ, tí ẹnu bá wọ́, tàbí tí ahọ́n bá ń lọ́, ẹ má wo òpó kankan, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Tèmi kì í ṣe ìyẹn. Ó yí orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dá mi dùbúlẹ̀ kíá, ó sì ń wo bí ẹyinjú mi ṣe ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn horo wínníwínní kan wà bí iyọ̀, tí ń sọ fún ọpọlọ ibi tí òkè wà àti ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Díẹ̀ nínú tèmi ti ṣí kúrò láyè wọn, wọ́n bọ́ sínú ọ̀nà tóóró kan tí omi wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti yí orí, wọ́n á rú omi náà, ọpọlọ á sì rò pé mò ń yí. Kí ló ṣí wọn? "Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí, ó lè jẹ́ ìṣubú yẹn. Mi ò lè búra." Dèjì wò mí, èmi wo ògiri.

Ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe oògùn. Ó ń yí orí mi díẹ̀díẹ̀, ó dá mi dùbúlẹ̀, ó fi mí fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó gbé mi jókòó, kí àwọn horo náà lè yí padà sílé wọn. Láàárín rẹ̀, ayé yí débi pé mo fa aṣọ dókítà mú, mo sunkún. A tún un ṣe nígbà tí mo padà lọ. Yíyí náà dáwọ́ dúró, àmọ́ fún ìgbà pípẹ́, bíi pé orí tìmùtìmù ni mò ń rìn. Dókítà ní kí n má tíì fi ìṣubú dánra wò. Dámilọ́lá bá ń kọ́ mi ní ìdúró: ẹsẹ̀ kan lórí iyanrìn, ojú lọ́nà jíjìn, níbi tí ọkọ̀ àwọn apẹja ti ń yọ́ sínú ìkùukùu lọ. Àwọn ọjọ́ yẹn dà bí àlá lójú mi títí dòní.

Dèjì padà wá láti kó mi lọ. Òjò ti rọ̀. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ edé lọ pàdé rẹ̀ lórí àfárá, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Kí n tó ronú, àgbọ̀n ti mọ́ àyà, apá ti gbá pákó, edé ti fọ́n ká. Mo nà sílẹ̀, mo ń dúró de òòyì.

"Ìyé!"

"Má fọwọ́ kàn mí, ọma mi. Jẹ́ n wò ó ná."

Mo yí orí sí ọ̀tún. Mo yí i sí òsì. Àwọsánmà wà láyè rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń wọ inú etí mi. Dèjì jókòó sórí pákó tútù tòun ti ṣòkòtò gidi tó wọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀sán gbé e lọ, ẹrù tirẹ̀ nìkan ló bá a lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ mi tó ń sá edé, àti ẹsẹ̀ tó ń gbé mi rìn. N kò mọ̀ pé àwọn kan wà nínú etí mi, tí wọ́n ti ń gbé mi dúró lórí omi láti kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò kí rí. Ní báyìí, bí mo bá ti jí, mo máa ń fọwọ́ kan etí mi méjèèjì, mo sì máa ń sọ ọ́ sókè, ìbáà jẹ́ pé Bàbá Dèjì ń rẹ́rìn-ín: ẹ kú iṣẹ́ o.