Ohùn Kẹfà Nínú Sámpúlà

Wọ́n tún ti dé o. Wọ́n ní ẹnu mi ni kò dáa. Wọ́n ní ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo nǹkan ì bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó ohùn èèyàn mẹ́jọ sínú ẹ̀rọ láìkọ orúkọ ẹnì kankan sí i? Èmi ni mo ní kí àgbàlagbà wá jókòó tì mí, kó máa gbàdúrà sí mi létí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri ní Roxy kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Èmi ni Ràṣídá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Adjamé níbí, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń ta ẹ̀yà rédíò. Ìdí ọjà yẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń tú rédíò, mo ń tò ó padà. Tí ẹ̀yà kan bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ tí rédíò sì ń sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yà yẹn ò wúlò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Patron Jeremáyà. Patron la máa ń pe ọ̀gá níbí. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn aláṣọ ní Adjamé Roxy. Mo lọ bá a tún ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ṣe lọ́jọ́ kan, mi ò lọ mọ́.

Lọ́dún 97 ló ra sámpúlà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni. Ohun tí ẹ bá sọ sí i, á gbé e mì. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, á pọ̀ ọ́ jáde bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ìlù ni o, ohùn èèyàn ni o, ajá tó ń gbó ni o. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá, torí náà àwòrán inú ẹ̀ ni mo wò. Ohun tí àwòrán ò sọ fún mi ni pé ẹ̀rọ náà ò ní ọpọlọ rárá: tí iná bá ti kúrò lára ẹ̀, ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀ nìyẹn, àfi èyí tí ẹ bá ti kó sórí dísíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ tó dé, ooru mú mi, mo yọ wáyà kan lára ògiri kí n lè ki ti fáànù bọ̀ ọ́. Gbogbo ìlù tí Patron ti ń tò láti àárọ̀, ó di àwátì.

"Ràṣí! Ta ló yọ wáyà yìí?"

"Patron, ooru ni."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ooru tó wà lára tìẹ, fáànù ò lè fẹ́ ẹ kúrò."

Ṣẹ́ ẹ rí i? Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣe àṣìṣe. Èyí tí wọ́n ń torí ẹ̀ bú mi yìí ni mi ò gbà.

Alàgbà Oyèwùmí ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ Patron, ní Treichville lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní pọ́ọ̀tù ni pé ó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde lọ́wọ́ àwọn duwáànì, ìyẹn àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Òun ló bá wa gba sámpúlà náà jáde, kò sì sí ọjọ́ tó wọlé tí kì í na ìka sí i: "Ẹ̀rọ yìí, ká ní kì í ṣe èmi, ì bá ṣì wà nínú kọ̀ntánà." Gbogbo wa á dúpẹ́. Tó bá lọ sílé ìtọ̀ tó padà dé, a tún máa dúpẹ́.

Wọ́n fẹ́ ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n ń kọrin, Alàgbà fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ yàrá tí a ti ń kọrin níṣẹ́ wa, kọ́bọ́ọ̀dù tí aláṣọ kan ń kó ẹrù sí ni tẹ́lẹ̀. Èèyàn kan ló ń gbà. Tí ẹni yẹn bá jẹun yó, ilẹ̀kùn ò ní tì. Ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ kírun, Patron wá gba ohùn wọn sínú sámpúlà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kálukú wọlé, ó fi kásìkì bo etí, ó ń gbọ́ dùùrù nìkan, ó kọ ègbè tiẹ̀, ó jáde. "Ó gbé mi sọdá, ó gbé mi sọdá òkun." Patron wá to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lé ara wọn lórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá tẹ ẹyọ kan, àwọn mẹ́jọ á dáhùn. Kò kọ orúkọ sí i o. V1, V2, títí dé V8 ló kọ. Ó ní òun á rántí ẹni tó ni èwo. Ó rántí títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ọ̀sán Sátidé, gbogbo wọn wá gbọ́ ọ. Mo tẹ bọ́tìnnì. "Ó gbé mi sọdá…" Tó bá ti dé "sọdá" yẹn, nǹkan kan á máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ìyókù, bíi bàtà tí okùn ẹ̀ ti já.

Alàgbà nawọ́ sókè. "Ẹ pa á. Fẹ́líìsì ni."

Bọ̀dá Fẹ́líìsì, télọ̀ ni ní Abobo, ọmọ Pọ̀bẹ̀ ni. Gbogbo Sátidé ló ń há ara ẹ̀ mọ́ inú gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré akérò, láti Abobo wá síbi orin. Èèyàn jẹ́jẹ́. Kò ní ìyàwó, kò ní ará níbí. Ẹgbẹ́ akọrin yẹn ni ará ẹ̀. Ó dìde dúró.

Alàgbà ní, "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí gbogbo wa bá ń lọ síbì kan, ìwọ nìkan lò ń lọ síbòmíì. Láti ọ̀la, lọ máa jókòó láàrin ìjọ. Jeremáyà, ẹ yọ ohùn ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn."

Patron kọjú sí mi. "Ràṣí, yọ ohùn Bọ̀dá Fẹ́líìsì."

"Èwo ni, Patron?"

"Báwo ni èwo?"

"V mélòó ni?"

Ọ̀gá mi gbójú sókè, ó ń wo àjà bíi pé ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí.

Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n kó wọn sínú kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ Patron pé bó ṣe yẹ ká máa ṣe é nìyẹn. Kọ̀ǹpútà wa, ihò méjì péré ló fi ń gbọ́ràn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí sámpúlà da gbogbo ohùn sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti pò pọ̀ nìyẹn, bí ọbẹ̀ tí iyọ̀ ti já sí, ẹ ò lè sọ pé iyọ̀ ọ̀hún jáde mọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pa méje lẹ́nu mọ́, tẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan kọ orin náà dópin, kọ̀ǹpútà á fi sórí ìlà tiẹ̀. Písìtì là ń pe ìlà yẹn. Ẹ ó wá padà síbẹ̀rẹ̀, ẹ ó gba ìkejì. Wáyà kan wà láàrin àwọn méjèèjì tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún sámpúlà pé ó yá, torí náà gbogbo písìtì á bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà.

Patron ní, "Orin oníṣẹ́jú márùn-ún! O fẹ́ lù ú nígbà mẹ́jọ?"

"Nígbà mẹ́rìnlá, Patron. Ìlù àti gìtá náà wà ńbẹ̀."

Alàgbà ló gbà fún mi. Ẹ ṣáà gbọ́ o: Alàgbà fúnra ẹ̀ ló ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Kí a rí ohùn yẹn ní ìhòòhò."

Ó wá fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Àṣà wọn ni pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìgbàsílẹ̀ láìgbàdúrà. Èmi Mùsùlùmí, mi ò ní wàhálà pẹ̀lú àdúrà. Ṣùgbọ́n písìtì kọ̀ọ̀kan, ìgbàsílẹ̀ kan ni! V1, ó gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè méjèèjì, fún pọ́ọ̀tù, fún ilé iṣẹ́ mànàmáná. V2, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí orílẹ̀-èdè. Nígbà tó fi máa di V4, ojú kọ̀ǹpútà ti ṣókùnkùn, ó ti sùn lọ. V5, Alàgbà ní, "Bàbá, bíi ti tẹ́lẹ̀."

Sípíkà wa máa ń kùn tí a bá ń gba ohùn sílẹ̀, torí náà mo pa á. Èmi nìkan ni mo fi kásìkì bo etí, èmi nìkan ni mo ń gbọ́. V3 ni Bọ̀dá Fẹ́líìsì. Mo mọ̀ ọ́n dájú, torí òun ló máa ń rọra kọrin lórí àtẹ̀gùn wa tí a ò bá tíì ṣílẹ̀kùn. Ohùn yẹn mọ́ bí omi àmù. Ó lọ sókè níbi tí dùùrù ti lọ, ó sọ̀ níbi tí dùùrù ti sọ̀.

Ó wá kan V6. Alàgbà ní, "Bàbá, bíi ti tẹ́lẹ̀, àmín." Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín ní etí òsì mi ló ń kọrin nínú kásìkì. Ó sì ń wọ́ nílẹ̀. Ní gbogbo "sọdá", bàbá ò sọdá rárá, odò ló ń kó sí.

Mo yọ kásìkì, mo fi bo etí Patron. Ó gbọ́ ọ. Òógùn yọ níwájú orí ẹ̀. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sọ sí mi létí pé, "Sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú o. Mo gba V7, mo gba V8, mo panu mi mọ́. Alàgbà ní, "Ó tó, ìlù lè dúró. Ṣé ẹ ti rí ohùn yẹn? Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ." Patron ní kọ̀ǹpútà ti gbóná. Alàgbà ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìkòkò. Mo tan sípíkà, mo tẹ V6.

Ẹ ò mọ bí ohùn èèyàn ṣe máa ń rí létí ẹni tó ni ín tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde. Kì í dá a mọ̀. Alàgbà na ìka sí sípíkà, inú ẹ̀ dùn gan-an. "Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wọ́! Ẹni tó bá ni ohùn yìí, kó má ṣe dé àárín akọrin mọ́!"

Àwọn méje ló dúró níbẹ̀, méjèèje ló mọ̀. Ojú gbogbo wọn wà nílẹ̀.

Bọ̀dá Fẹ́líìsì bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí wáyà wa. "Èmi ni, Alàgbà. Ẹ má bínú. Mi ò ní kọ ọ́ mọ́."

Ohun tó bí mi nínú nìyẹn! Mo ní, "Irọ́ ni!" Mo tẹ V3. Ohùn mímọ́ yẹn kún yàrá. Mo ní, "Bọ̀dá Fẹ́líìsì nìyí. Èyí tẹ́ ẹ ní kó jáde yẹn, Alàgbà, ẹ̀yin ni. Ṣé kí n tún un tẹ̀, kẹ́ ẹ gbàdúrà tẹ̀ lé e, ká fi méjèèjì wé ara wọn?"

Kò gbàdúrà. Ó dìde, ó wá fìlà ẹ̀, orí ẹ̀ ló wà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá Fẹ́líìsì ló kọ́kọ́ bínú sí mi. Ó ní, "Ràṣídá, ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Gbogbo wa la mọ̀. Ohùn ti ń kúrò lọ́rùn Alàgbà láti ọdún mélòó kan. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀, àwọn yòókù a máa bá a lọ sílẹ̀, kó má bàa dá lọ. Èmi ni mi ò lè ṣe é, etí mi ò gbà." Ẹ ò rí nǹkan! Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mẹ́fà ń tẹrí ba fún àgbà pẹ̀lú ohùn, òun nìkan dúró síbi tí orin wà, òun ló wá dà bí ẹni tó ṣì í. Ṣùgbọ́n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kásìkì létí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ Alàgbà débi tó máa tẹ̀ lé e. Sámpúlà gba kálukú bó ṣe jẹ́. Àpótí irin ni, wọn ò kọ́ ọ nílé.

Ìyá mi mú mi lọ kúnlẹ̀ ní Treichville. Alàgbà ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ẹ̀rọ ló tàn ọ́ jẹ." Patron ní òótọ́ ni, ẹ̀rọ ni. Bẹ́ẹ̀ àná ló ṣì fi ẹ̀rọ yẹn gba orin ìgbéyàwó.

Kásẹ́ẹ̀tì ti jáde o. Fọ́tò Alàgbà ló wà níwájú ẹ̀. Ohùn ẹ̀ náà wà níbẹ̀, lórí písìtì kẹfà. Patron kàn ní kí n fà á wálẹ̀ díẹ̀, mo fà á wálẹ̀ díẹ̀ títí ó fi dé òdo. Alàgbà ní ohùn àwọn ò tíì dùn tó báyìí rí, pé àdúrà ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ yẹn ló ṣiṣẹ́. Bọ̀dá Fẹ́líìsì ṣì ń kọrin, kò sẹ́ni tó lé e mọ́. Tó bá gòkè wá sọ́dọ̀ wa, ó ń kí Patron, kì í kí mi.

Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́kọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sáyà. Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ níwájú yín, ó dojú bolẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì fún ohùn tí kì í ṣe tiẹ̀. Ohùn tiẹ̀ gan-an wà lábẹ́ ìka yín. Ẹ wá wí, ṣé ẹ̀yin ì bá dákẹ́?