Èyí Tó Kù, Bàbá Ni Yóò Sọ Ọ́

Mo ti dágbére fún gbogbo Igbó-Ọrà kí n tó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, mo sì tún wà nílé fún odidi ọdún kan lẹ́yìn ìdágbére náà. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá ṣẹlẹ̀ sí rí kò lè mọ ìtìjú tó wà níbẹ̀. Ìwọ tí wọ́n ti gbàdúrà ìrìn àjò fún, tí wọ́n ti di ata gígún àti gàrí fún, ni wọn yóò tún bá nídìí kànga pẹ̀lú garawa lọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ kékeré ni mí ní ilé ìwòsàn ìlú wa nígbà náà. Èmi ni mo ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, èmi ni mo ń ká aṣọ, èmi náà ni mo sì ń gbé ọmọ kejì nínú ìbejì dání nígbà tí agbẹ̀bí bá ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ní Igbó-Ọrà, iṣẹ́ gidi ni gbígbé ọmọ kejì dání. Bí o bá dúró lẹ́nu ọjà, tí o pe "Bàbá Ìbejì" lẹ́ẹ̀kan péré, ọkùnrin mẹ́rin ni yóò dáhùn, bàbá tèmi yóò sì wà lára wọn. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí náà dójú àmì. Mo kọ lẹ́tà, iléèwé kan ní òkè òkun gbà mí, wọ́n sì ní àwọn yóò fún mi ní ibùgbé àti oúnjẹ. Ohun tó kù kò ju físà lọ.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, "kò ju físà lọ," bí ẹni pé iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Ìyá mi ń ta iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ, kò sì sí bó ṣe lè ta á fún ènìyàn láìfi ìròyìn ayọ̀ lé e. Mi ò tíì lọ sí Èkó lọ rí òyìnbó tí yóò fún mi ní físà, ìyá mi ti mú mi yí agboolé ká láti dágbére. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, mo dúró ti àpótí aṣọ tí a yá lọ́wọ́ tíṣà kan, mo gbé ọwọ́ lé e, mo ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tí ọkọ̀ òfúrufú ń dúró dè níta. Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá wò ó, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ọmọbìnrin yẹn létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti wá. Àgbẹ̀ ni, ẹ̀gúsí àti gbágùúdá ló ń gbìn, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ kéwú kó tó di ọkọ́ mú. Kò jẹ́ sọ pé oòrùn yóò yọ lọ́la láìfi Ọlọ́run sí i. Bí ìyá mi bá bi í pé ṣé yóò jẹ iyán, á ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ìyá mi á ní, "Bàbá Ìbejì, Ọlọ́run ti fẹ́, mo ti gún un."

Bó ṣe tọ́ mi nìyẹn. Kí ọmọ ilé wa sọ pé "màá wá lọ́la," kó sì pa ẹnu dé, ìgbéraga ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ burú tó kó bú àgbà.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ lọ sí Èkó. Bọ́lẹ́kájà tó gbé wa gba Abẹ́òkúta ṣì máa ń gbàgbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwa èrò la máa ń pariwo rán awakọ̀ létí. Mo dé ọ́fíìsì físà pẹ̀lú eruku lójú, mo nu ún, mo wọlé. Òyìnbó kan ló jókòó síbẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n, fáànù ń yí lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń làágùn. Ó bi mí ní orúkọ, ó bi mí níṣẹ́ bàbá mi, mo dá a lóhùn geere. Ló bá gbé ojú sókè.

"Bí o bá parí ẹ̀kọ́ rẹ, ṣé wàá padà sí ilẹ̀ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Ó dá kíkọ̀wé dúró. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bí Ọlọ́run bá fẹ́?"

Mi ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Mo ní, "Méjèèjì ni, sà."

"Mo ní, ṣé ó dá ìwọ fúnra rẹ lójú pé wàá padà?"

Ẹnu mi máa ń yá ju bó ṣe yẹ lọ bí inú bá ti ń bí mi. Mo ní, "Sà, èmi kì í ṣe Ọlọ́run."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Mo rò pé ó ń kọ ọ́ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà dé. Wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé èmi yóò padà sílé, nítorí náà wọn kò lè fún mi ní físà. Ìyá mi sunkún. Bàbá mi ní àsìkò kò tíì tó, ó gbé ọkọ́ lọ sóko. Èmi ò sunkún o, inú ló ń bí mi. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gàrí ìrìn àjò náà, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Obìnrin kan wà ní òdìkejì ilé wa tó ń ta ẹ̀wà. Láràárọ̀ tí mo bá ń kọjá, á fi síbí sílẹ̀, á ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, ìyá òyìnbó! Òtútù ọ̀hún ńkọ́?" Èmi náà á ní òtútù náà ní kí n kí i. Àwọn tó ń ra ẹ̀wà á rẹ́rìn-ín títí. Mo ti gbẹ̀bí fún ọmọ obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà náà, n kò sì gbàgbé láti bi í léèrè òtútù.

Iléèwé kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn lè fi àyè mi sílẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Bí mi ò bá dé nígbà náà, ẹlòmíràn ni yóò gbà á. Mo tún padà sí Èkó láti lọ béèrè ohun tí mo ṣe. Lójú fèrèsé ọ́fíìsì náà, akọ̀wé kan tó jẹ́ Yorùbá, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ló gba lẹ́tà tí wọ́n fi dù mí ní físà lọ́wọ́ mi.

Ó kà á tán, ó ní, "Ọmọ mi, kí lo sọ fún òyìnbó náà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi "èmi kì í ṣe Ọlọ́run," ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó ní, "Télọ̀ ló bà á jẹ́ fún ọ."

"Télọ̀ wo, sà?"

"Télọ̀ tó ń bá òyìnbó yẹn rán ṣòkòtò. Ó ti lé lóṣù méjì tó ti ń sọ fún un pé, 'Ó di ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá, bí Ọlọ́run bá fẹ́.' Òyìnbó ti wá gbà pé bí a bá ti lè pe Ọlọ́run sí i, kò sí ṣòkòtò nìyẹn."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì tún pa mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ẹni tí kò fẹ́ wá síbi ìkómọ kì í sọ pé òun ò wá, á ní bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹni tó yá àkàbà lọ náà á ní òun ń gbé e bọ̀ lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọlọ́run ló ń bá wa ru ẹ̀bi gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀, bó bá sọ ọ́, ó máa ń wá. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò mọ bàbá mi, télọ̀ ló mọ̀.

Akọ̀wé náà fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun. "Bó bá tún bi ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ni kó o sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, kó o sì pa ẹnu dé."

Mo dé ilé, mo ròyìn. Ìyá mi ní, "Kò tán? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ni ẹnu kò lè sọ?" Bàbá mi ní, "Ta ló fún òyìnbó yẹn ní ọ̀la, tó fi ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi?" Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sọ, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Mo mọ ara mi. Bó bá ní kí n má sọ ọ́, mi ò ní sọ ọ́, àyè mi yóò sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé láti mọ́ṣáláṣí, ó pè mí sábẹ́ igi ọ̀dàn ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé o fẹ́ padà wá?"

"Mo fẹ́ padà wá, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

"Sọ ìyẹn fún un, irọ́ kọ́. Tìrẹ nìyẹn. Èyí tó kù, èmi ni màá máa bá ọ sọ ọ́ nílé níbí."

Ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ́ ẹnu lára fún ogún ọdún ó lé, ẹ̀kọ́ ni ẹnu yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló di olùkọ́. Nírọ̀lẹ́, bó bá ti oko dé, á jókòó sórí àpótí, á fa fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, á le ojú koko. Òyìnbó ọ́fíìsì nìyẹn. Èmi á dúró níwájú rẹ̀.

"Ṣé wàá padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bí Ọl..."

Á gbá igi mọ́lẹ̀. "A ò fún ọ! Máa lọ sílé!" Ìyá mi á fi ẹja sílẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. A ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, bàbá mi á ṣí fìlà, á ní, "Ó tó báyìí. A ó tún ṣe é lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ìyá mi á ní, "A ò fún ìwọ náà!"

Lọ́tẹ̀ yìí, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi pàápàá ta ẹja láìsọ̀rọ̀, mo sì mọ ohun tó ná an. Mo tún dé iwájú òyìnbó elétí pípọ́n náà. Ó ṣí ìwé mi, ó ka ohun tó kọ síbẹ̀ lọ́jọ́sí, ó bi mí ní ìbéèrè kan náà.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Màá padà." Mo pa ẹnu dé, mo fi eyín di ahọ́n mú.

Ó ń wò mí. Mo ń wò ó. Ó ní, "Ọlọ́run ńkọ́ lónìí?"

Bàbá mi kò kọ́ mi ní ìdáhùn ìyẹn. Òtítọ́ ló bá mi jáde lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá mi ló ń bá mi sọ ìyẹn nílé, sà. Wọ́n ní kí n sọ ti ara mi níbí."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ó sì bi mí bóyá bàbá mi mọ télọ̀ kan. Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi. Mo wo ṣòkòtò rẹ̀ bí mo ṣe ń jáde, ó ti gbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ, ẹlẹ́wà rí mi pẹ̀lú àpótí. Ó ní, "Ìyá òyìnbó, níbo?" Mo ní Abẹ́òkúta ni. Irọ́ kọ́, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà. Ìyá mi ní òun ò lè dúró máa wo ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ òun lọ, ó dúró sílé. Bàbá mi nìkan ló sìn mí dé gáréèjì. Ó ru àpótí náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo ti jókòó, tí ọkọ̀ ti ń kùn, ó di pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ó ní, "Ṣé wàá padà?"

Mo rò pé eré wa ni. Mo dáhùn bó ṣe kọ́ mi: "Bẹ́ẹ̀ ni. Màá padà." Mo wá ń dúró de èyí tó kù, torí tirẹ̀ nìyẹn.

Kò sọ ọ́. Ó ní, "Wàá padà." Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń bá a rìn lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lára pákó. "Wàá padà, o gbọ́? Wàá padà." Kò fi nǹkan kan sí i. Bàbá mi, tó ń fi Ọlọ́run sí iyán tí wọ́n ti gún! Ìgbà yẹn ni mo mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó.

Mo yọ orí síta, mo sì pariwo bá a sọ ọ́: "Bí Ọlọ́run bá fẹ́, Bàbá!"

Gbogbo èrò ọkọ̀ ṣe àmín. Bàbá mi ò lè ṣe é. Ó ti ṣí fìlà kúrò lórí, ó fi bo ojú rẹ̀.